YÀRÀ, ODI ÀTI ÀMÌ ARA Ọ̀GBÌN: BÍ AWALẸ̀PÌTÀN ṢE Ń KA ILẸ̀ GẸ̀Ẹ́SÌ

Ìfáàrà
Olùkọ́ tí ó bá ti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nípa Erédò Súngbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ti ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi ṣàlàyé Maiden Castle ní Dorset, gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Yàrà àti odi náà ni. Àwọn tí ó gbé ibẹ̀ kí àwọn ará Róòmù tó gba ilẹ̀ náà ni ó gbẹ́ yàrà yí òkè ká ní ipele-ipele, tí wọ́n sì fi erùpẹ̀ rẹ̀ mọ odi. Odi náà ṣì ga títí di òní. Èyí tí ó gba àròjinlẹ̀ ni yàrà tí ó ti dí, tí odi rẹ̀ ti wó palẹ̀, tí àgbẹ̀ sì ń gbin ọkà lé lórí.

Bí ọ̀gbìn ṣe ń tú àṣírí
Erùpẹ̀ tí ó dí yàrà máa ń jinlẹ̀, ó sì máa ń fa omi mọ́ra ju ilẹ̀ ẹfun tí ó yí i ká lọ. Bí ọ̀dá bá dá, àlìkámà orí yàrà yóò ga, yóò sì tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti pọ́n. Bí ó bá jẹ́ ògiri òkúta ni ó wà nísàlẹ̀, òdìkejì ni yóò rí. Ní ọdún tí òjò pọ̀, gbogbo rẹ̀ ni yóò mu omi yó, àmì kò sì ní í hàn. Ọdún tí àgbẹ̀ ń kédàárò ni awalẹ̀pìtàn ń wá bàálù wọ̀. Orúkọ tí ó bá a mu ni àmì ara ọ̀gbìn. “Àmì inú oko” fẹjú jù, nítorí ààlà oko pàápàá jẹ́ àmì.

William Camden, tí ó kú ní 1623, ti ṣàkíyèsí pé ọkà máa ń fọ́nká lójú òpópónà àtijọ́ ní Richborough. Ṣùgbọ́n láti òkè ni àwòrán náà ti ń pé. Ní 1925, Gilbert Insall wà nínú bàálù nígbà tí ó rí òbìrìkìtì kan nítòsí Stonehenge. Maud Cunnington àti ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ níbẹ̀ ní 1926. Ihò òpó igi ni wọ́n bá, ní òbìrìkìtì mẹ́fà. Ibẹ̀ ni à ń pè ní Woodhenge.

Koríko náà a máa sọ̀rọ̀. Ní 2013, rọ́bà tí wọ́n fi ń bomi rin koríko Stonehenge kò gùn dé apá kan. Apá náà gbẹ, àpá ibi tí àwọn òkúta tí ó ti pòórá dúró sí sì yọ. Rọ́bà kúkúrú ni ó dá sí àríyànjiyàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ lórí bóyá òbìrìkìtì òkúta náà pé rí!

Ewu ibẹ̀
Ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ tí ó wó odi palẹ̀ kò tíì dáwọ́ dúró. Bí ó ti ń kọjá lọ́dọọdún ni ó ń há ohun tí ó kù nínú yàrà. Àmì tí ó hàn kedere lónìí lè jẹ́ ti ibi tí ó ń pa run lọ. Òfin kan tí ó jáde ní 1994 tilẹ̀ gba àgbẹ̀ láàyè láti máa ro oko tí ó ti ń ro tẹ́lẹ̀ lórí ibi tí ìjọba dáàbò bò, bí kò bá ti tú u jinlẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣùgbọ́n orí òkè ṣíṣàn ni púpọ̀ nínú oko wọ̀nyí wà: òjò ń wọ́ erùpẹ̀ òkè lọ, ẹ̀rọ tí kò yí ìwọ̀n rẹ̀ padà sì ń bọ́ sínú ohun tí kò tíì kàn rí.