Ẹ Yan Ilé-Ẹ̀kọ́ Kan, Kí Ẹ Dúró Tì Í

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Kétu, Ìkòsì àti Máìlì 12, mo mọ̀ pé bí Arsenal bá ń gbá bọ́ọ̀lù, kì í sáyè ìjókòó nílé ìwòran. Mi ò ní kí ẹ fi Arsenal sílẹ̀, ìyà tí ẹ ti jẹ níbẹ̀ ti pọ̀ jù fún ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi kún un ni bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn obìnrin, pàápàá èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbá ní Amẹ́ríkà.

Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn D'Tigress, ẹgbẹ́ alájùsáwọ̀n obìnrin Nàìjíríà, ti gbọ́n ọgbọ́n eré. Nígbà tí wọ́n na Mali 78 sí 64 ní Abidjan lóṣù kẹjọ ọdún 2025, tí wọ́n gba ife Áfíríkà lẹ́ẹ̀karùn-ún léraléra, àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bèèrè ta ni Amy Okonkwo. Ẹni tó ti ń wò ó láti yunifásítì TCU kò bèèrè. Elizabeth Balogun ti gbá fún Georgia Tech, Louisville àti Duke. Ezinne Kalu gbá fún Savannah State. Ní Olympics 2024, wọ́n na Australia 75 sí 62, wọ́n na Canada, wọ́n sì di ẹgbẹ́ Áfíríkà àkọ́kọ́, ìbáà ṣe tọkùnrin tàbí tobìnrin, tó dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Olympics. Ó ya ayé lẹ́nu, àfi àwọn tó ti mọ̀ wọ́n tipẹ́.

Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wá fídíò ìdíje yunifásítì Amẹ́ríkà ti ọdún 2018. Arike Ogunbowale, ọmọ tiwa, wà ní yunifásítì Notre Dame. Mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ìfarapa orúnkún ti dá jókòó lọ́dún yẹn. Wọ́n kojú UConn (Yunifásítì Connecticut) tí ẹnikẹ́ni kò tíì nà ní sáà náà. Ó ku bí ìṣẹ́jú àáyá kan, Arike jù ú, ó wọlé, 91 sí 89. Lọ́jọ́ Àìkú Àjíǹde, wọ́n pàdé Mississippi State ní àṣekágbá. 58 sí 58. Ó gba bọ́ọ̀lù, ó sáré sí igun ọ̀tún, ó fò, ara rẹ̀ ti ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó jù ú. Ó wọlé! Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ló kù. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì: lákọ̀ọ́kọ́ ẹ wo bọ́ọ̀lù, lẹ́ẹ̀kejì ẹ wo ọmọ tó ń lé Arike.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Arike ti lọ gbá bọ́ọ̀lù iṣẹ́ fún Dallas. Bí eré yunifásítì ṣe rí nìyẹn: ojú yín á ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọmọ kan dáadáa, yóò gboyè, yóò lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ yan ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹ sì máa bèèrè ibi tí àwọn tó lọ wà. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ sá tọ UConn nítorí ife kejìlá tí wọ́n gbà ní 2025, ẹ kú oríire, ṣùgbọ́n 2016 ni wọ́n gba èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ṣé ẹ lè dúró ọdún mẹ́sàn-án?

Ẹ má fi tẹ́tẹ́ ba eré yìí jẹ́. Ẹni tó bá fowó sí i, owó rẹ̀ ló ń wò. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ irun tàbí ìdí àwọn ọmọbìnrin yìí. Ẹ sọ fún mi ẹni tó gba bọ́ọ̀lù tó ta padà. Nítorí pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń gbá a, ọ̀pọ̀ eré wọn máa ń bọ́ sí òru níbí. Ẹni tí yóò já tòmátò ní Máìlì 12 ní ìdájí, kó sùn, kó wo àkópọ̀ rẹ̀ láàárọ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Àwọn tiwa náà sì wà nítòsí. Yunifásítì Èkó ní Akoka ló gbàlejò NUGA, ìdíje eré ìdárayá àwọn yunifásítì Nàìjíríà, ní 2022, Akoka kò sì jìnnà sí Kétu. Bí àwọn ọmọbìnrin yunifásítì bá tún ń gbá bọ́ọ̀lù nílùú yìí, ẹ wọ mọ́tò lọ wò wọ́n, kí ẹ sì mú àwọn àbúrò yín obìnrin dání.