Ojú Ọjọ́ Ibo Ni Wọ́n Ṣe Táyà Yẹn Fún?

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra mọ́tò, bí wọ́n bá gbé táyà tòkúnbọ̀ wá tí wọ́n ní ó bá gbogbo ojú ọjọ́ mu, ẹ bi wọ́n pé: ojú ọjọ́ ibo? Àwòrán òkè olórí mẹ́ta tí yìnyín wà láàrin rẹ̀ ń sọ pé táyà náà yege ìdánwò lórí yìnyín. Àmì M+S (ẹrẹ̀ àti yìnyín) ní tirẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ ẹnu ilé iṣẹ́ tó ṣe é lọ. Ẹni tó ń gbé Chicago nílò àmì òkè yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n rọ́bà tí wọ́n pò kí ó má baà le gbagidi nínú òtútù, kíá ló ń jẹ lórí ọ̀dà gbígbóná ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó.

Ẹnìkan á ní ojú táyà náà ṣì jìn. Ó dára, ojú tó jìn ló ń lé omi dànù nígbà òjò. Àmọ́ rọ́bà ń gbó bó tilẹ̀ wà ní ìdúró. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àkọlé DOT lára táyà, òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2316 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2016. Èyí tó bá ti lé ní ọdún 10, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, ìbáà máa dán bí bàtà ọkọ ìyàwó. Tuntun wọ́n, ta ló máa jiyàn? Síbẹ̀, ẹ pín owó rẹ̀ sí iye ọdún tí yóò lò lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, kí ẹ tó pe tòkúnbọ̀ ní ọjà ọ̀pọ̀.