Orúkọ Tí A Pe Àrùn Lè Dí Aláìsàn Lọ́wọ́ Láti Gba Ìwòsàn

Agbaja, ìlú àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, wà lórí òkè pẹrẹsẹ kan nítòsí Lọ́kọ́ja, ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Ẹ̀ka-èdè Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n aláìsàn tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní Lọ́kọ́ja lè pàdé nọ́ọ̀sì tí ó jẹ́ pé èdè Ebira, Igala, Nupe tàbí Hausa ni èdè abínibí rẹ̀. Orúkọ tí aláìsàn náà bá pe ohun tí ń ṣe é ni ohun àkọ́kọ́ tí yóò gbé dé iwájú nọ́ọ̀sì. Orúkọ bẹ́ẹ̀ lè ran ìwòsàn lọ́wọ́. Ó sì lè ṣe ìdíwọ́ fún un.

Àrùn àti òfò

Nínú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà Yorùbá, àrùn kì í dá rìn. Bí wọ́n bá ń ka àwọn ajogun tí ń bá ọmọ ènìyàn jà, wọn a dárúkọ ikú, àrùn, òfò, ẹ̀gbà, ọ̀ràn, èpè, ẹ̀wọ̀n àti èṣe papọ̀.

Síbẹ̀, orúkọ àrùn púpọ̀ ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Onígbáméjì ń sọ̀rọ̀ èébì àti ìgbẹ́ gbuuru tí ń wá pọ̀. Rọpárọsẹ̀ ń sọ ohun tí àrùn náà ń ṣe fún apá àti ẹsẹ̀. Ibà pọ́njú ń tọ́ka sí ẹyinjú tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà. Àwọn mìíràn sì wà tí ìbẹ̀rù kò jẹ́ kí a dárúkọ wọn. Nígbà tí Sànpọ̀nná ń jà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ẹ́gbóná ni wọ́n ń sọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọdún 1980 pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù orúkọ rẹ̀ kò tíì tán.

Ohun tí Jàpáànù ṣe

Irú ìbẹ̀rù yìí kò pin sí ilẹ̀ Yorùbá. Àmì ìkọ̀wé kan náà ni àwọn ará Ṣáínà àti Jàpáànù fi ń kọ àìsàn: bing ni ti Ṣáínà, byo ni ti Jàpáànù. Ní èdè méjèèjì, ìró ẹẹ́rin jọ ìró ikú, nítorí náà àwọn ilé ìwòsàn kan kì í ní yàrá kẹrin.

Ṣùgbọ́n Jàpáànù tún ṣe ohun tí ó yẹ kí a kọ́. Orúkọ tí wọ́n ń pe irú àìsàn ọpọlọ kan tẹ́lẹ̀ túmọ̀ sí àrùn ọkàn tí ó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ní ọdún 2002, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ níbẹ̀ yí i padà sí orúkọ tí ó túmọ̀ sí àìṣedéédéé nínú ìṣọ̀kan èrò. Kí ó tó di ìgbà náà, kò tó mẹ́rin nínú aláìsàn mẹ́wàá tí dókítà ń sọ orúkọ àìsàn wọn fún. Láàárín ọdún mẹ́ta, iye náà ti tó bíi méje nínú mẹ́wàá. Ẹni tí ó mọ ohun tí ń ṣe é ni ó lè bá dókítà rẹ̀ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí ìtọ́jú.

Ẹ̀kọ́ fún wa

Lọ́dọ̀ wa, wèrè jẹ́ orúkọ àìsàn, ó sì jẹ́ èébú. Ìdí nìyí tí ẹbí púpọ̀ fi ń fi aláìsàn pamọ́. Àìsàn ọpọlọ ni ó dára jù láti lò.

Bákan náà ni ti HIV, tí a ń pè ní àrùn kògbóògùn. Orúkọ yìí ti dàgbà ju òtítọ́ lọ. Oògùn kò tíì lè pa kòkòrò náà run, ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá ń lò ó lójoojúmọ́, ó ń tẹ̀ ẹ́ lórí ba, a sì lè pẹ́ láyé. Bí àyẹ̀wò kò bá lè rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́, kò ní ràn nípasẹ̀ ìbálòpọ̀. Ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn náà ní ọdún 2002. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ “kògbóògùn” lójoojúmọ́ lè bi ara rẹ̀ pé kí ni òun ń wá lọ sí ilé ìwòsàn.

Nítorí náà, ó dára kí òṣìṣẹ́ ìlera kọ́kọ́ bi aláìsàn pé, “Kí ni ẹ ń pè é nílé?” Lẹ́yìn náà, kí ó ṣàlàyé ohun tí ó fà á àti ìtọ́jú tí ó wà fún un. Kí àwa tó kù sì pe àrùn ní orúkọ tí kì yóò mú ojú ti aláìsàn.