Àjàní, Ta Ló Ní Kó O Kun Ilẹ̀kùn Ná?

Àjàní, má fara pamọ́ sẹ́yìn Land Rover yẹn, mo ti rí ẹ. Ta ló ní kó o kun ilẹ̀kùn kó o tó gbé e sípò rẹ̀? Ọ̀dà ọ̀hún ń dán, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n wá wo àárín ilẹ̀kùn àti òpó ẹ̀yìn yìí: nísàlẹ̀, ìka mi kan ò wọ̀ ọ́, lókè, ìka méjì ń wọ̀ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. O wá mú òòlù dání, o fẹ́ gbá a wọlé! Ilẹ̀kùn tuntun tó o fi owó gidi rà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, o ò ní pa mí lẹ́rìn-ín o.

Ilẹ̀kùn ò jẹ̀bi. Ògiri irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti dírẹ́bà ló yẹ̀. Ṣebí ibi tí dírẹ́bà ń gbẹ́sẹ̀ lé ti dípẹtà, tó o ní kí wẹ́dà gé e? Ó gé e, ó sì jó tuntun mọ́ ọn. Àmọ́ ta ló fi ọ̀pá irin dábùú ojú ilẹ̀kùn kó má bàa sún? Ẹnì kankan ò ṣe é. Wọ́n gé ẹsẹ̀ òpó ògiri yẹn, òpó sì dorí kọ iwájú díẹ̀. Ara òpó yẹn ni hínjì wà, ibi tó bá yẹ̀ sí ni ilẹ̀kùn máa bá a lọ. Fẹ́ńdà á tẹ̀ lé e, bọ́nẹ́ẹ̀tì náà ò ní padé.

Mo ta páàtì mọ́tò ní Gate n'Ìbàdàn títí irun mi fi funfun. “Màmá, ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ tà fún mi ò wọlé,” ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ. Lóòótọ́, páàtì tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ gan-an, ihò rẹ̀ máa ń yẹ̀ díẹ̀, fáìlì àti sùúrù á sì yanjú ìyẹn. Àmọ́ fáìlì wo ló fẹ́ tún òpó tó ti ṣẹ́rí ṣe?

Tú gbogbo ẹ̀. Bóòtì ni wọ́n kúkú fi de é. Gbé ògiri yẹn lé ṣásì, má tíì fún bóòtì le. Gbé bọ́dì ẹ̀yìn sí i, kó o so ilẹ̀kùn méjèèjì kọ́. Fi téèpù wọn ojú ilẹ̀kùn ọ̀tún láti igun dé igun, kó o wọn tòsì náà. Àfi kí méjèèjì bára mu. Ibi tó bá kù díẹ̀, ki wáṣà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Ìgbà yẹn ni kó o tó fún bóòtì le, kí fẹ́ńdà wọlé, kí bọ́nẹ́ẹ̀tì kẹ́yìn. Bí gbogbo ẹ̀ bá padé tán, kó o tún tú u, kó o wá lọ kùn ún. Bẹ́ẹ̀ ni, wàá tún tú u! Má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé Land Rover jáde fáráyé rí, ní Amsterdam. Ogun Àgbáyé Kejì ò tíì pẹ́ tán, irin ti wọ́n ní ìlú ọba, ni wọ́n bá fi alumíníọ́mù ṣe bọ́dì, wọ́n fi irin ṣe ṣásì. Series III tìrẹ yìí náà ò yàtọ̀. Ibi tí alumíníọ́mù bá ti fara kan irin, tí omi wá wọ àárín wọn, alumíníọ́mù ló ń jẹrà. Fi èékánná ha etí ilẹ̀kùn àtijọ́ yẹn. Ìyẹ̀fun funfun tó ń bọ́ sílẹ̀ yẹn, alumíníọ́mù ni tẹ́lẹ̀. Fi nǹkan dí àárín àwọn méjèèjì kó o tó fún bóòtì. Ọ̀dà lásán kì í sì í di alumíníọ́mù mú; ọ̀dà ìpìlẹ̀ tiẹ̀ wà.

Òòlù yẹn ńkọ́? Bí wọ́n bá ń lu alumíníọ́mù, ṣe ló ń le sí i, tó bá yá, á là. Panẹ́bítà tó mọṣẹ́ á fi ọṣẹ ìfọṣọ pa ibi tó wọnú, á rọra fi iná gáàsì rá a. Bí ọṣẹ bá ti dúdú, ó tó, kó gbé iná kúrò. Á rọ̀, òòlù onígi á tó o. Bí iná bá pẹ́ jù, alumíníọ́mù kì í pọ́n kó tó yọ́ o. Wàá kàn rí i tó jábọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni fẹ́ńdà àtijọ́. Wọ́n ní o ti tà á fáwọn tó ń ra irin àlòkù kiri. Ara ẹ̀ la ti fẹ́ wo ibi tí gbogbo ihò bóòtì wà! Dìde, lọ bá wọn lónìí kí wọ́n tó yọ́ ọ. Bí wọ́n bá ní ìlọ́po méjì owó tí wọ́n fún ẹ ni àwọn máa gbà, san án.