Bí A Ṣe Ń Dé Bíà Àpọnsílé Mọ́ Inú Ìgò

Ẹ ti pọn bíà ọkà bálì yín nílé, ó ti hó nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì títí tó fi dákẹ́. Ó ku ìgò. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo wa mọ̀. Ẹlẹ́mu kì í dé ìgò ẹmu tuntun pa. Ó máa ń fi àyè sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, torí pé ẹmu ṣì ń hó, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì ń wá ọ̀nà àbájáde. Ìwúkàrà ló ń mú un hó, ohun ẹlẹ́mìí kékeré tí ojú lásán kò lè rí, tí àwọn oníbúrẹ́dì ń pè ní yíìsì. Ó ń jẹ ṣúgà, ó sì ń sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́. Ìwúkàrà wà nínú bíà yín náà. Àmọ́ àwa fẹ́ dé ìgò tiwa pa ni, kí afẹ́fẹ́ náà lè há sínú ọtí. Nítorí náà, a ó máa ṣọ́ ohun tí ìwúkàrà yóò rí jẹ. Ṣé a jọ wà níbẹ̀?

Ìgò wo la ó lò? Ìgò tí wọ́n ṣe fún bíà ni, tó nípọn tó láti gba agbára afẹ́fẹ́. Ìgò ọtí líle kò lè gbà á. Aláwọ̀ búráùn ló dára jù, torí pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn máa ń sọ ìkorò họ́ọ̀pù, òdòdó tí a fi ń pọn bíà, di òórùn burúkú. Ìgò funfun kò lè dí ìmọ́lẹ̀ náà lọ́nà. Ṣé ó yé yín ìdí tí a fi ń ṣa ìgò?

Fífọ ìgò àti pípa kòkòrò inú rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Fífọ̀ ló ṣáájú. Ẹ rẹ ìgò sínú omi gbígbóná, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́rùn gígùn ha ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì gbé e síhà ìmọ́lẹ̀ wò. Ọṣẹ olóòórùn dídùn kò dára, torí pé èyí tó bá ṣẹ́kù yóò pa ìfófòó bíà. Lẹ́yìn náà, ẹ rọ omi tútù kún wọn, ẹ rì wọ́n sínú ìkòkò omi tútù, ẹ gbé e kaná, kó hó fún ìṣẹ́jú 10, kí wọ́n sì tutù fúnra wọn. Ẹ má da omi híhó sínú ìgò tútù, yóò sán. Ẹ lè bi mí pé, ṣé híhó nìkan kò tó? Kò tó, torí pé ìdọ̀tí tó ti gbẹ máa ń dáàbò bo kòkòrò. Ṣé ẹ ti rí ìdí tí iṣẹ́ fi pé méjì?

Ibí yìí ló le díẹ̀. Ṣé ìwúkàrà ti jẹ ṣúgà inú bọ́kẹ́ẹ̀tì tán? Ojú kò lè sọ ọ́. Ẹ lo haidirómítà, ohun èlò onígíláàsì tó ń léfòó nínú ọtí, tí a lè pè ní òṣùwọ̀n-ọtí. Bí ṣúgà ti ń tán ni yóò máa rì. Ẹ wò ó lónìí, ẹ tún wò ó lọ́túnla: bí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá yí, ó ti tán. Tó bá ti wá tán, níbo ni afẹ́fẹ́ inú ìgò yóò ti wá? Ṣúgà díẹ̀ la ó fi bọ́ ìwúkàrà sí i: gíráàmù 6 fún lítà kan, ìyẹn gíráàmù 120 fún lítà 20. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ojú díwọ̀n. Nǹkan bí ìdajì ìwúwo rẹ̀ ni yóò di afẹ́fẹ́. Ẹ sè é nínú omi díẹ̀, kó tutù, ẹ dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mímọ́ mìíràn, kí ẹ fi rọ́bà fa bíà lé e lórí, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kù sẹ́yìn. Bí èyí kò bá tíì yé yín, ẹ tún un kà ká tó lọ.

Nígbà tí ẹ bá ń rọ bíà sínú ìgò, ẹ ki ẹnu rọ́bà dé ìsàlẹ̀ ìgò, kí bíà máa gòkè jẹ́ẹ́. Bó bá ń já láti òkè, yóò kó ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú, mọ́ra, adùn rẹ̀ yóò sì dà bíi páálí tó rẹ. Ẹ fi àyè bíi sẹ̀ntímítà 3 sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìdérí onírin eléyín la ó fi dé e, irú èyí tí William Painter gbé jáde ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, ní 1892. Ẹ̀rọ ìdégò ni yóò tẹ eyín náà mọ́ ẹnu ìgò. Ìdérí tí a ti ṣí rí ti wọ́, kò ní lè sé afẹ́fẹ́ mọ́. Ṣé gbogbo ìgò ti wà ní dídé?

Ẹ wá tò wọ́n ní ìdúró sínú páálí, níbi òkùnkùn tí ooru rẹ̀ wà láàárín ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì 18 sí 24, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ló dé tí kì í ṣe inú fíríìjì? Otútù kò ní jẹ́ kí ìwúkàrà jẹun. Ooru àpọ̀jù, bíi ti abẹ́ páànù lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, yóò sì tètè ba adùn bíà jẹ́. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé, ẹ fi ìgò kan sínú fíríìjì mọ́jú, kí ẹ ṣí i lórí bàsíà. Bí kò bá hó, ẹ fún àwọn tó kù ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Bó bá tú jáde, ẹ fi aṣọ tó nípọn wé àwọn tó kù, kí ẹ kó wọn sínú fíríìjì kíákíá, kí wọ́n má baà bẹ́. Ẹ rọra da bíà náà sínú ife, kí ẹ fi èyí tó wà nísàlẹ̀ sílẹ̀, ìwúkàrà ló rọ̀ síbẹ̀.

Ó ku ìdánwò kan. Ká ní ọ̀rẹ́ yín tó fẹ́ràn ọtí dídùn ní kí ẹ bu ṣíbí ṣúgà kan kún ìgò tirẹ̀ kí ẹ tó dé e. Ta ni yóò jẹ ṣúgà náà, kí ni yóò sì sọ ọ́ dà? Bí ẹ bá lè dá a lóhùn, ẹ lè lọ gbé ìgò yín.