Ta Ni Yóò Ru Ẹrù Náà? Ẹ̀kọ́ Kúkúrú Lórí Líle Òpó

Ìwé Mímọ́ kọ́ wa pé ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé a máa kọ́kọ́ jókòó ṣírò ohun tí yóò ná an. Ìṣirò mìíràn wà tí ó ju ti owó lọ, èyí ni ìṣirò bí ilé yóò ti dúró. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí a ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí ní Èkó, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 40 lọ. Nítorí náà ó yẹ kí àwa tí a ó kọ́ ọmọ ilẹ̀ Okun ní ìṣirò mọ ohun tí ìṣirò wà fún.

Ìbéèrè náà

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìtì igi ńlá kan tí kò lè tẹ̀, tí òpó mẹ́ta gbé dúró: ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, ọ̀kan ní àárín gbùngbùn. Gígùn wọn dọ́gba, irú igi kan náà sì ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ojú orí òpó àárín jẹ́ ìlọ́po méjì ti ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn yòókù. A gbé ẹrù tọ́ọ̀nù 24 lé àárín ìtì igi náà. Èló ni òpó kọ̀ọ̀kan yóò rù?

Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò yára dáhùn pé tọ́ọ̀nù 8. Ìdáhùn yìí kò tọ̀nà. Òfin ìdọ́gba sọ pé àpapọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 24, àti pé ti ọ̀tún gbọ́dọ̀ bá ti òsì dọ́gba. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. 8, 8 àti 8 bá òfin náà mu. 5, 14 àti 5 bá a mu pẹ̀lú. Ohun tí a ń wá pọ̀ ju òfin tí a ní lọ.

Bí a ti ń dáhùn rẹ̀

Ọ̀nà tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní stiffness method kò kọ́kọ́ bèèrè iye tí òpó rù. Ó kọ́kọ́ bèèrè bí orí òpó ti sún wálẹ̀ tó. Kò sí òpó tí ẹrù kì í tẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Robert Hooke, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1678 pé bí agbára tí ó fa nǹkan bá ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan náà yóò nà tó. Líle òpó, nígbà náà, ni iye ẹrù tí ó lè mú orí rẹ̀ sún ní mìlímítà kan. Bí igi bá jẹ́ irú kan náà, èyí tí ó nípọn le ju èyí tí ó tín-ín-rín, kúkúrú sì le ju gígùn.

Kí líle òpó ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ tọ́ọ̀nù 2 fún mìlímítà kan. Ti àárín yóò jẹ́ 4. Nítorí pé ìtì igi kò tẹ̀, orí òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò sún bákan náà.

Èkíní, ẹ ro gbogbo líle pọ̀: 2 + 4 + 2 = 8.
Èkejì, ẹ fi èyí pín ẹrù: 24 ÷ 8 = 3. Mìlímítà 3 ni ìtì igi yóò sún.
Ẹ̀kẹta, ẹ fi 3 sọ líle kọ̀ọ̀kan di púpọ̀: òpó ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ru 6, òpó àárín ru 12.

Ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni òpó. Ẹni tí ó ṣe òpó àárín fún tọ́ọ̀nù 8 ti gbé 12 lé e láìmọ̀. Bí a bá sọ òpó kan di ńlá, kì í ṣe agbára nìkan ni a fi kún un. A fi ẹrù kún un pẹ̀lú.

Ọ̀ràn ilẹ̀

Ní agbègbè Kàbà, àpáta lè yọrí níhìn-ín, kí ilẹ̀ sì rọ̀ ní ọ̀hún. Bí ilẹ̀ abẹ́ òpó àárín bá rì ní mìlímítà 2, ìpín ẹrù yóò yí padà. Ẹ jẹ́ kí a pe sísún ìtì igi ní x. Òpó ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò ru 4x lápapọ̀, òpó àárín yóò sì ru 4(x − 2).

4x + 4(x − 2) = 24, nítorí náà x = 4.

Òpó kọ̀ọ̀kan wá ń ru 8. Ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan kún ẹrù òkè, síbẹ̀ òpó ẹ̀gbẹ́ tí a ṣe fún 6 ti ń ru lára ẹrù ẹnìkejì rẹ̀.

Láti ọwọ́ dé kọ̀ǹpútà

Ilé gidi ní oríkèé púpọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè sún wálẹ̀, kí ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí ó yí. Ní 1930, Hardy Cross ní Amẹ́ríkà tẹ ọ̀nà kan jáde tí ènìyàn fi lè ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ní ọwọ́, díẹ̀díẹ̀. Ní 1956, Turner, Clough, Martin àti Topp fi hàn bí a ti lè kó líle gbogbo ẹ̀yà ara ọkọ̀ òfurufú jọ sí ojú kan kí ẹ̀rọ lè ṣírò rẹ̀. Lónìí kọ̀ǹpútà ń ṣe é kíákíá, fún ilé gíga àti fún afárá ńlá, irú èyí tí a ń gbà kọjá Odò Ọya ní Jamata bí a bá ti Lọ́kọ́ja ń lọ sí Àbújá. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ̀ bí ilẹ̀ bá rọ̀. Ohun tí a bá sọ fún un ni ó ń gbàgbọ́. Ènìyàn ni ó gbọ́dọ̀ lọ wo ilẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Bí ilẹ̀ abẹ́ òpó àárín bá rì ní mìlímítà 4, èló ni òpó kọ̀ọ̀kan yóò rù? Ẹni tí ó bá rí 10, 4 àti 10 ti gbà á. Kí ó fi kọ́ ọmọ kíláàsì rẹ̀, kí wọ́n má baà dàgbà tán kí wọ́n máa pín ẹrù ilé bí ẹni pín àkàrà.