Àpótí Ìmọ̀: Bí AS Méjì Ṣe Lè Bí SS

Meiosis ni ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà pín láti pèsè àtọ̀ àti ẹyin. Sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn ní kúrómósómù 46: ìdajì láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Lẹ́yìn ìpín ẹ̀ẹ̀mejì, 23 péré ló máa ń wà nínú àtọ̀ tàbí ẹyin kọ̀ọ̀kan. Bí àtọ̀ bá pàdé ẹyin, 46 á tún pé.

Kí wọ́n tó pínyà, kúrómósómù méjì tó jẹ́ ìkejì ara wọn máa ń ṣe pàṣípààrọ̀ àwọn ègé kan. Ó wà lára ohun tó mú kí ọmọ ìyá kan náà yàtọ̀ síra.

Àpẹẹrẹ: Bàbá jẹ́ AS (ó ní jíìnì ẹ̀jẹ̀ A kan àti S kan), ìyá náà jẹ́ AS. A tàbí S ni àtọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé, kì í gbé méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹyin.

A + A = AA
A + S = AS
S + A = AS
S + S = SS

Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìṣeéṣe AA jẹ́ 25%, AS 50%, SS 25%. Ọmọ SS ló máa ń ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde.

Ẹ kíyè sí i: oyún kan kì í yí ìṣirò òmíràn padà. Tọkọtaya tó ti bí SS kan ṣì ní ewu 25% lórí ọmọ tó kàn.